Orúnkún Mi Yá Ju Ẹnu Mi Lọ

Tó bá jẹ́ pé orúnkún ni wọ́n fi ń díwọ̀n ìrẹ̀lẹ̀ ni, èmi ni màá gba ipò kìn-ín-ní ní gbogbo Jẹ́dà. Orúnkún mi méjèèjì ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Láàárọ̀, kí n tó fẹnu kan omi, mo ti kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí gbogbo ìlú bá kọrí sí mọ́ṣáláṣí, àwa Kìrìsìtẹ́nì mélòó kan a máa pàdé ní pálọ̀ arákùnrin wa kan. A ó fa kọ́tìnì, a ó fi tówẹ̀lì dí abẹ́ ilẹ̀kùn, a ó wá máa kọrin ní ohùn tí kò lè jí ọmọ tó ń sùn. Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì níbí. Ẹni tí halelúyà bá ń gùn, kó gbé e mọ́ra títí di ọjọ́ tó bá padà sílé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, bàbá tó ń ṣáájú wa wàásù lórí ìrẹ̀lẹ̀. Ó ní ká rẹ ara wa sílẹ̀ níwájú Ọlọ́run, kó má jẹ́ ti ẹnu lásán. Mo ṣe àmín débi pé ìyàwó onílé fọwọ́ bò mí lẹ́nu: "Ẹ rọra, mà, àwọn tòkè ń gbọ́." Omijé bọ́ lójú mi lọ́jọ́ náà. Kí n tó délé, mo ti bú awakọ̀ takisí, mo sì ti bú ìyá awakọ̀ takisí. Irú onírẹ̀lẹ̀ tí mo jẹ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ mi fún yín kí ẹ tó máa rẹ́rìn-ín. Bàládì ni mo ti ń tajà, ní àárín Jẹ́dà àtijọ́, níwájú ṣọ́ọ̀bù ará Yẹ́mẹ̀nì kan tó yọ̀ǹda ìloro rẹ̀ fún mi. Ìbòrí ni mò ń tà, àti ẹní ìkírun, àti tẹ̀sùbáà. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ọmọ Jésù. Àwọn oníhájì tó wá láti ilé kì í fẹ́ padà lọ́wọ́ òfìfo, ó sì máa ń dùn mọ́ wọn láti rí ẹni tí wọ́n lè bá ná ọjà ní èdè wọn. Àlàájà ni gbogbo wọn ń pè mí. Níbẹ̀rẹ̀, mo máa ń sọ fún wọn pé, "Èmi kì í ṣe Àlàájà o." Wọn á wo ara wọn, wọn á ní, "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀! Àwọn tó bá ti pẹ́ nílẹ̀ mímọ́, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Nígbà tó yá, mo dákẹ́. Owó tí wọ́n fi ń ra tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ onírẹ̀lẹ̀ pọ̀ ju èyí tí wọ́n fi ń rà á lọ́wọ́ Kìrìsìtẹ́nì lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gan-an ni Àlàájà. Ìyá kan náà ló bí wa. Mùsùlùmí ni bàbá wa, ọmọ ìjọ ni ìyá wa, àwa ọmọ sì pín ara wa bó ṣe wù wá. Lọ́dún Iléyá gbogbo wa á jẹ ẹran, lọ́dún Kérésì gbogbo wa á jẹ ìrẹsì, ẹnì kankan kì í bi ẹnì kankan léèrè. Ẹ̀gbọ́n mi wá sí Hájì, ó dúró, físà rẹ̀ kú, kò sì ní ìwé títí di òní. Inú yàrá kan ní Mẹ́kà ló ń gbé pẹ̀lú àwọn obìnrin mẹ́ta, ó ń fọṣọ fún àwọn oníhájì, ó ń se oúnjẹ fún wọn. Èmi ní tèmi, iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé mi dé. Mo ní ìkámá, káàdì tí wọ́n fi ń gbé ìlú yìí. Ẹ̀sìn mi wà lára ìwé mi. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi láéláé. Lójú ọ̀nà Mẹ́kà, pátákó ńlá kan wà níbẹ̀: Mùsùlùmí, ẹ gba ọ̀tún, ẹni tí kì í bá ṣe Mùsùlùmí, gba ọ̀nà tìẹ. Ìbòrí mi ń wọ Mẹ́kà. Tẹ̀sùbáà mi ti yí Kábà ká ju iye tí mo lè kà. Èmi tí mo tà á ni wọn ò gbà wọlé.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń wá. Gbogbo ọjọ́bọ̀, awakọ̀ kan tó mọ ọ̀nà dáadáa á gbé e wá sí Bàládì, ẹ̀gbọ́n mi á kó ìbòrí lọ́wọ́ mi, á jókòó sórí àga onírọ́bà mi, a ó jọ máa fi gbogbo ẹni tó bá kọjá ṣe ẹ̀fẹ̀ títí ìrọ̀lẹ́. Ayé mi dùn lọ́jọ́bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ò kàwé rárá. Èmi dé kíláàsì kẹrin. Nígbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó ní òun máa kọ́ kéú. Ó wọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan tó ń pàdé ní ilé aládùúgbò rẹ̀, wọ́n fún un ní ìwé pẹlẹbẹ aláwọ̀ ewé kan tó kún fún álífù àti bá'ù, ó sì ń gbé e kiri nínú ọ̀rá. Lọ́jọ́bọ̀ kan, ó jókòó sórí àga náà, ó fi ìka sábẹ́ lẹ́tà, ètè rẹ̀ ń lọ wúyẹ́wúyẹ́. Àwọn oníhájì márùn-ún wà níwájú mi, wọ́n ń tú ìbòrí. Ọ̀kan nínú wọn rí i.

"Áà, Àlàájà, ẹ ń kàwé! Ọlọ́run á là yín lọ́yẹ."

Kí ló kàn mí níbẹ̀? Bí mo bá ti ṣe àmín, ṣé kò ní tó? Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé inú wọn dùn, ọjà sì máa ń yá níbi tí ẹ̀rín bá wà. Mo ní, "Ẹ má dà á láàmú o. Láti ọdún gbọ́nhan ló ti wà ní Mẹ́kà, ọjọ́ Ajé tó kọjá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ álífù lójú. Tó bá fi máa ṣí ojú ìwé kejì, Ọlọ́run á ti jí òkú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ẹnì kan di òpó mú. Ìbòrí méje ni mo tà lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi náà rẹ́rìn-ín. Ó pa ìwé dé, ó dá a padà sínú ọ̀rá, ó sì so ẹnu ọ̀rá náà ní ìdè méjì. Mo rí ìdè kejì yẹn. Mi ò ní purọ́, mo rí i.

Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, kò wá. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn, kò wá. Ó ní ẹsẹ̀ ni. Lóòótọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú, torí náà mo gbà á bẹ́ẹ̀. Ó tó nǹkan bí oṣù márùn-ún kí obìnrin kan tó wá láti Mẹ́kà wá ra ẹní lọ́wọ́ mi, ó ní inú ẹgbẹ́ kéú kan náà ni àwọn jọ wà.

Mo ní, "Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi. Níbo ló kà á dé báyìí?"

Ó ní, "Àlàájà? Ó ti fi sílẹ̀ tipẹ́. Ó ti fi ìwé rẹ̀ ta ọmọ onílé lọ́rẹ. Ó ní wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ níbì kan."

"Ta ló fi í ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Kò dárúkọ."

Kò dárúkọ mi. Ìyẹn tún wá ba nǹkan jẹ́ pátápátá. Ká ní ó bú mi káàkiri Mẹ́kà ni, ǹ bá ti rí ohun tí màá fi gbèjà ara mi.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ bí oníṣòwò. Mo fi ẹja gbígbẹ ránṣẹ́. Mo fi ábáyà tuntun ránṣẹ́, èyí tí mi ò tíì wọ̀ rí. Mo fi òróró ìfọwọ́ra ránṣẹ́ fún ẹsẹ̀. Ohùn rẹ̀ á wọlé lórí fóònù: "Ọlọ́run á san án fún ẹ, ọmọ ìyá mi. O kú iṣẹ́ o, kí ọkọ ẹ." Ó parí. Mo pè é. Ó dá mi lóhùn dáadáa, ó béèrè ọkọ mi, ó béèrè ọjà, ó ní ẹ̀rọ amúlétutù àwọn ti bàjẹ́. Tí mo bá ti fẹ́ yí ọ̀rọ̀ sí ibẹ̀ yẹn, á ní omi ń hó lórí iná. Irú omi wo ló ń hó látàárọ̀ dalẹ́? Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi nínú. Èmi tí mo ṣẹ̀ ni inú ń bí! Mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, mo ní, "Olúwa, rọ ọkàn ẹ̀gbọ́n mi. Mú agídí kúrò lára rẹ̀. Rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀." Mo gba àdúrà yẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko kí n tó gbọ́ ohun tí mò ń sọ.

Ìgbà náà ló ránṣẹ́ sí mi pé òun ń lọ sílé. Ẹsẹ̀ náà ti borí òun. Òun máa fi ara òun sílẹ̀ fún tarhíìlì, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń dá ẹni tí kò níwèé padà sí ìlú rẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun lòun sì ń lọ. Ara mi bù máṣọ. Ẹni tó bá gba tarhíìlì lọ kì í padà wá. Iṣẹ́ ọkọ mi sì nìyí, kò ní òpin tí mo rí. Bí ó bá fi lè wọ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ láìjẹ́ pé mo bá a sọ ọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibojì ọ̀kan nínú wa ni ẹnì kejì máa ti wá bẹ̀bẹ̀.

Obìnrin tó ń ta lọ́fínńdà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Àlàájà, kí ló dé tí ẹ ò lọ bá a nílé? Ẹ wọ nìkábù. Ta ló máa bi yín?" Òun ò mọ̀ pé Kìrìsìtẹ́nì ni mí, ó rò pé ìkámá mi ló ti kú. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Nígbà tí mo délé, mo wọ nìkábù níwájú dígí. Ó bá mi mu gan-an. Ọkọ mi wọlé.

"Níbo nìyẹn?"

"Mo fẹ́ lọ rẹ ara mi sílẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n mi ni."

"O fẹ́ fi irọ́ kọjá lójú ọlọ́pàá, kí o lè lọ rẹ ara rẹ sílẹ̀? Ọlọ́run tó ń retí rẹ níbẹ̀, ṣé òun náà máa fi nìkábù bojú ni?"

Odidi ọjọ́ méjì ni mi ò bá a sọ̀rọ̀. Òótọ́ ló sọ, mo mọ̀. Ohun tó dùn mí ni pé ọ̀rọ̀ náà dára tó bẹ́ẹ̀, èmi kọ́ ni mo sì sọ ọ́.

Bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ṣe fẹnu kò sí ilé epo nìyẹn. Ilé epo kan wà lójú ọ̀nà, ní ìhà Jẹ́dà, kí èèyàn tó dé ibi pátákó. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí awakọ̀ gbé òun gba ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré lòun ní. Mo ti débẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú. Mo ti to gbogbo rẹ̀ sọ́kàn: màá kúnlẹ̀, màá sunkún, á sunkún, á gbé mi dìde, a ó dì mọ́ra. Mo tilẹ̀ ti ki áńkáṣífù sápò.

Ọkọ̀ dé. Awakọ̀ náà, ibí ni wọ́n bí i. Ìyá rẹ̀ àgbà ló wá láti ilẹ̀ wa. Tí o bá fi Yorùbá kí i, Lárúbáwá ló máa fi dáhùn, á wá máa wo ojú rẹ bí ẹni tó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó di ilẹ̀kùn mú. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sí mọ́, ó ti wú pọ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Ábáyà tí mo fi ránṣẹ́ kọ́ ló wọ̀.

Mo sáré dé iwájú rẹ̀, mo kúnlẹ̀ gbì lórí kọnkéré. Ẹ lè dín ẹyin lórí kọnkéré yẹn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí."

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Dìde."

"Mi ò ní dìde títí ẹ máa fi dárí jì mí."

"Mo ní kí o dìde! Ọlọ́run nìkan là ń kúnlẹ̀ fún. Wọ́n ti kọ́ wa ní kéú."

Ẹnu mi ò tiẹ̀ dúró gba àṣẹ. "Ṣé ẹ pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?"

Mo gbọ́ ọ bó ṣe jáde. Awakọ̀ tí a rò pé kò gbọ́ Yorùbá yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ̀gbọ́n mi yí padà sí ọkọ̀. Mo fò dìde, mo di okùn báàgì rẹ̀ mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Iṣẹ́ Èṣù ni. Ẹ bá mi fojú fo gbogbo ohun tí mo ti ṣe."

"Kí lo ṣe?"

"Gbogbo ẹ̀ náà ni, mà."

"Gbogbo ẹ̀ kọ́. Ọ̀kan ni. Sọ ọ́."

Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó sọ oyè bàbá rẹ̀ tó sì gbàgbé. Nílé wa, ara la fi ń bẹ̀bẹ̀. O kúnlẹ̀, o kó àgbàlagbà dání, wọ́n ní ó ti tán, oúnjẹ jáde. Kò sí ẹni tó ń ní kí o dárúkọ ọ̀ràn náà. Ìtìjú nìyẹn fún gbogbo ilé. Níwájú Ọlọ́run gan-an, báálì báálì ni mo máa ń kó ẹ̀ṣẹ̀ mi sílẹ̀: dárí jì wá, èyí tí a mọ̀ àti èyí tí a ò mọ̀. Mi ò tú báálì kan rí kí n fa ọ̀kan yọ, kí n ní, ẹ wò ó, èyí rèé, ibi tó ti ya nìyí. Gbogbo kíkúnlẹ̀ mi láti gbogbo ọdún yìí wá, orúnkún ló ń ṣe é.

Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo aago.

Mo ní, "Mo fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn oníbàárà, nítorí ìwé tí ẹ ń kọ́."

"Kí ló dé?"

"Mo fẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín ni."

"Irọ́ ni."

Obìnrin yìí ò kàwé, ṣùgbọ́n ó ń kà mí láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́yìn ìyá wa.

Mo ní, "Èmi náà ò lè kà á geere."

"Kí ni?"

"Bíbélì. Tí a bá pàdé lọ́jọ́ Jímọ̀, tí wọ́n bá ní kí n ka ẹsẹ kan, màá ní mo gbàgbé awò ojú mi sílé. Mi ò ní awò. Tí n bá dá wà, mo máa ń ṣa á ní lẹ́tà lẹ́tà, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Ẹ̀yin wá jókòó lójú ọjà, ẹ fi ìka tọ́ka sí lẹ́tà, ojú ò tì yín. Ó bí mi nínú. Mo rò pé ẹ máa kọjá mi."

Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo ní ẹkún ti dé nìyẹn, mo yọ áńkáṣífù jáde.

Ẹ̀rín ni.

"O ò ní awò?" Ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. "Gbogbo ọdún yìí? O ò ní awò!" Ó yíjú sí awakọ̀, ó fi Lárúbáwá tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un, kò fo ibì kankan. Awakọ̀ fọwọ́ lu ìdarí ọkọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi tún yíjú sí mi. "Kìrìsìtẹ́nì tí kò lè ka Bíbélì ló ń bú Àlàájà tí kò lè ka Kùránì! Áà, ọmọ ìyá mi, o pa mí!"

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé bí ìrẹ̀lẹ̀ ṣe máa ń yún ara nìyí. Mo ti tú inú mi síta lórí kọnkéré, ní ilé epo, wọ́n wá ń fi ṣe ìran wò.

Mo ní, "Ṣé ẹ ti dárí jì mí báyìí?"

Ó nu ojú. "Láti ọjọ́ kejì ni mo ti dárí jì ẹ́. Ta ni màá bá bínú kú?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, láti ọjọ́ kejì! Kí ló wá dé tí ẹ ò jẹ́ kí n sọ ọ́ lórí fóònù?"

"Tí mo bá jẹ́ kí o sọ ọ́ lórí fóònù, wàá fi ṣe àwàdà ni. Mo mọ̀ ẹ́."

"Tí ẹ bá délé, ẹ ó padà sí kéú? Àwọn kan wà ládùúgbò tó ń kọ́ àgbàlagbà."

Ó mi orí. "Ó ti kúrò lọ́kàn mi." Bí ẹni tí wọ́n fi ẹran lọ̀ tó ní òun ti yó ló ṣe sọ ọ́, kò bínú, kò sì wo ojú mi. Ibẹ̀ ló dùn mí jù, ibẹ̀ ló sì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń fọwọ́ wúwo kọ èyí. Mo rò pé tí a bá ti dárí ji èèyàn, ohun tó bà jẹ́ á tún ara rẹ̀ ṣe. Ìdáríjì wà lọ́wọ́ mi. Ìwé aláwọ̀ ewé wà lọ́wọ́ ọmọ onílé.

Awakọ̀ fọn fèrè. Mo bá a gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọ ọkọ̀, mo bá a gbé ti òsì. Ó ti jókòó tán kó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ lọ ra awò o. Kí o lè máa rí ibi tí o ò mọ̀ kà."

Èsì kan wá sí mi lẹ́nu. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé kì í pẹ́ wá. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, ó dá ṣáká, ó sì mú. Awakọ̀ gan-an ì bá já bọ́ láti orí ìjókòó rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi na ọrùn láti ojú fèrèsé, ó ń wo ẹnu mi.

"Sọ ọ́."

"Rárá, mà."

"Mo rí i. Ó ti dé eyín ẹ."

"Ó ti dé eyín, mà."

"Gbé e mì."

Mo dúró síbẹ̀, oòrùn ń sè mí, mo pa ẹnu dé, mo sì gbé e mì. Ó lọ bí egungun ẹja. Ó wò mí títí ó fi rí i pé ó ti kọjá ọ̀fun, ó mi orí, ó sì ní kí awakọ̀ máa lọ.